BÍÍRÒ ONÍDẸ: ẸNI TÓ BÁ KÁNJÚ NÍDÌÍ RẸ̀, ÌKA LÓ MÁA FI SAN OWÓ!

Kò sí ọjà kan nílẹ̀ Yorùbá tí bíírò kò sí. Alájọ kì í dé ìsọ̀ láìfi í há etí. Ìyá aláṣọ tó ń tajà àwìn, bíírò ló fi ń kọ orúkọ àwọn ajigbèsè sínú ìwé. Télọ̀ ń fi í kọ ìwọ̀n oníbàárà, mẹkáníìkì ń fi í kọ orúkọ páàtì tí wọ́n máa lọ rà. Bí bíírò bá wá kọ̀ tí kò yọ yíǹkì mọ́, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ ha etí ìwé, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí. Bí kò bá gbọ́, wọ́n á jù ú sí gọ́tà, ó parí.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń ṣe ẹyọ bíírò kan ṣoṣo. Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, tàbí bàbà, tàbí irin tí kì í dógùn-ún. Wọn ò yọ́ ọ sínú iná bí àwọn asúdẹ ṣe ń ṣe, wọn ò sì fi owú lù ú bí alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀rọ tó ń yí bìrí ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, wọ́n á tún máa dán an, títí ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ yóò fi máa rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn ń ra ẹyọ kan irú bíírò bẹ́ẹ̀ ní 50 dọ́là, 100 dọ́là, òmíràn sì wà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Haba! Kí ló wà lára bíírò tí owó rẹ̀ fi tó bẹ́ẹ̀? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, nítorí ó kan gbogbo ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá oúnjẹ.

ORÚKỌ ÈÈYÀN NI BÍÍRÒ

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pe bíírò lójoojúmọ́ ni kò mọ̀ pé orúkọ ọmọ èèyàn ni wọ́n ń pè. László Bíró ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Ìlú Budapest, ní orílẹ̀-èdè Hungary, ni wọ́n ti bí i ní 1899. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ló ń ṣe. Gègé tí wọ́n ń lò nígbà náà ń dà á láàmú gan-an ni. Yíǹkì inú rẹ̀ ṣàn bí omi, ó ń kán sórí ìwé, ó ń ba aṣọ jẹ́, bí ọwọ́ bá sì kan ohun tí wọ́n kọ, gbogbo rẹ̀ á di rúdurùdu.

Bíró wá kíyè sí i pé yíǹkì tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn kì í pẹ́ gbẹ. Ó gbìyànjú láti da irú rẹ̀ sínú gègé, kò ṣiṣẹ́, torí pé ó ki jù. Ibẹ̀ ló ti gbé ọgbọ́n mìíràn kalẹ̀: ó fi bọ́ọ̀lù irin bín-íntín sí ẹnu gègé, kí bọ́ọ̀lù náà máa yí, kí ó máa kó yíǹkì láti inú wá sórí ìwé. György, arákùnrin rẹ̀, tó mọ̀ nípa kẹ́míkà, ló bá a wá yíǹkì tó bá a mu. Ní 1938 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe Bíró ló kọ́kọ́ ronú kan bọ́ọ̀lù kékeré yìí o. Ní 1888, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Loud ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀. Awọ ló fẹ́ máa fi í kọ nǹkan sí. Ẹ̀yin oníṣẹ́ bàtà, ẹ ò rí i pé ọ̀dọ̀ iṣẹ́ yín ni ọgbọ́n náà ti kọ́kọ́ yọjú? Ṣùgbọ́n ti Loud kò dára fún ìwé lásán, kò sì tà.

Ọmọ Júù ni Bíró. Nígbà tí wàhálà àwọn Hitler dé, ó sá kúrò nílùú rẹ̀, ó kọjá sí ilẹ̀ Faransé, ó sì fi Argentina ṣe ibùgbé. Ibẹ̀ ló ti tún gba ìwé àṣẹ mìíràn ní 1943, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 1985. Títí di òní, ọjọ́ ìbí rẹ̀, 29 oṣù September, ni wọ́n fi ń bu ọlá fún àwọn tó ń gbé ọgbọ́n tuntun jáde ní Argentina.

Nígbà tí bíírò kọ́kọ́ jáde ní ìlú New York, ní 29 oṣù October 1945, dọ́là 12 ààbọ̀ ni wọ́n ń ta ẹyọ kan, àwọn èèyàn sì ń ti ara wọn ṣubú nítorí rẹ̀. Nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin kan nílẹ̀ Faransé, Marcel Bich, gbé bíírò oníke Bic jáde ní 1950. Owó bíírò já wálẹ̀ pátápátá. Nígbà tó fi máa di 2006, bíírò tí ilé iṣẹ́ yìí nìkan ti tà ti pé 100 bílíọ̀nù.

ÀWỌN OBÌNRIN BIRMINGHAM

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni ìkọ̀wé onírin, irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀. Kí ìyá Bíró tó bí i ni ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ọjà gègé fún gbogbo ayé. Ẹnu gègé onírin, èyí tí wọ́n ń rì bọnú yíǹkì kí wọ́n tó kọ̀wé, ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Obìnrin àti ọmọdébìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n á jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà, wọ́n á máa gé irin pẹlẹbẹ, wọ́n á máa lu ihò sí i, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ní ilé iṣẹ́ níbẹ̀ ni Josiah Mason. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àkàrà òyìnbó ló ń kiri lójú títì. Gègé sọ ọ́ di olówó rẹpẹtẹ. Kó tó kú ní 1881, ó ti kọ́ ilé fún àwọn ọmọ aláìlóbìí, ó sì ti dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀, èyí tó padà di Yunifásítì Birmingham ní 1900.

Ṣùgbọ́n nígbà tí bíírò oníke dé tán, tó pọ̀, tó sì pọ́ọ́kú, ta ló tún fẹ́ rì gègé bọnú yíǹkì? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn fún oníṣẹ́ ọwọ́: bí ọjà rẹ bá jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ ńlá lè ṣe ní pọ́ọ́kú, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀rọ náà á dé. Àwọn tó ń gbẹ́ bíírò onídẹ lónìí ti mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi bá oníke du owó. Ohun tí ẹ̀rọ ńlá kò ráyè ṣe ni wọ́n ń ṣe.

OHUN TÍ WỌN KÌ Í GBẸ́ FÚNRA WỌN

Ohun kan wà tí ọ̀gá tó ń gbẹ́ bíírò kì í dá ṣe. Ọ̀pá yíǹkì inú bíírò, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́nu rẹ̀, rírà ni wọ́n ń rà á. Bọ́ọ̀lù náà kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí ihò tó jókòó sí bá fẹjú díẹ̀, yíǹkì á máa dà. Bí ó bá fún díẹ̀, bọ́ọ̀lù kò ní yí, bíírò á máa ha ìwé lásán.

Kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé, ẹ wo ilẹ̀ China. Nígbà kan, bíi 38 bílíọ̀nù bíírò ni wọ́n sọ pé wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́dún. Síbẹ̀, ní oṣù January 2016, olórí ìjọba wọn nígbà náà, Li Keqiang, ń kédàárò ní gbangba pé irin tí àwọn ní pọ̀ lápọ̀jù, àmọ́ àwọn kò lè ṣe ẹnu bíírò tó dára. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń ra irin tí wọ́n fi ń ṣe é. Ìgbà tó di January 2017 ni ilé iṣẹ́ irin kan nílùú Taiyuan tó kéde pé àwọn ti rí irú irin náà ṣe. Orílẹ̀-èdè tó ń kọ́ afárá ńlá, tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin, ẹnu bíírò ló yọ ọ́ lẹ́nu!

Nítorí náà, oníṣẹ́ ọwọ́ á ra ọ̀pá yíǹkì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wọn gùn ní 98 mìlímítà, ìbú rẹ̀ kò sì tó 6 mìlímítà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti gbẹ́ ilé tí ọ̀pá náà máa gbé, kí ó má lẹ̀ jù, kí ó má sì máa mì wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀ nínú rẹ̀.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Léètì ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti gbé dúrọ́ọ̀mù búréèkì mọ́tò lọ sọ́dọ̀ tọ́nà rí, ó ti rí i. Ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata lọ́jà, bí ṣáàfù ẹ̀rọ rẹ̀ bá jẹ, ọ̀dọ̀ tọ́nà náà ni wọ́n ń gbé e lọ. Ní 1980, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo kí wọ́n lè máa ṣe irú ẹ̀rọ yìí nílé, torí pé ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ páàtì ẹ̀rọ mìíràn ti ń jáde.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó mọ̀. Ẹ wo ọmọbìnrin tó ń bó ọsàn tà lójú pópó. Ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Ọsàn ló ń yí, tí èèpo rẹ̀ ń já bọ́ gbọọrọ. Bí léètì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ̀pá idẹ ló ń yí, ọ̀bẹ irin dúró gbọin lójú kan, ó ń bó o. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pá idẹ yìí lè yí ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: kí aago tó dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti yí ní ìgbà 25. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Wọ́n á fi ayùn irin gé ọ̀pá idẹ tí ìbú rẹ̀ tó ìdajì ínṣì. Wọ́n á fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, níbi tí eyín mẹ́ta ti máa gbá a mú, wọ́n ń pe ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi irin ìluhò kékeré kan, tó kúrú tó sì le, sàmì sí àárín gbùngbùn. Ẹni tó bá fo ibẹ̀ yẹn, ó ti bà á jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí irin ìluhò gígùn máa ń wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yóò wọlé láàárín, yóò sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lílu ihò náà gba sùúrù. Wọ́n á lù ú wọlé díẹ̀, wọ́n á fa irin ìluhò jáde kí ìfọ́ idẹ lè dà nù, wọ́n á tún tì í wọlé. Ìfọ́ idẹ á máa dà sílẹ̀ kéékèèké bíi gààrí tí wọ́n fi epo yan. Ẹni tí kò bá fà á jáde, ìfọ́ á dí inú ihò, irin ìluhò á há, á sì kán sínú. Bí ó bá ti kán sínú, iṣẹ́ òwúrọ̀ ti di òfo.

Bí ihò bá parí, wọ́n á ya tírẹ́ẹ̀dì sí ẹnu apá kan, wọ́n á ya òmíràn sí inú ìkejì, kí ara méjèèjì lè wọ inú ara wọn bíi bóòtì àti nọ́ọ̀tì. Ní ibi orí rẹ̀, wọ́n á dá ihò kékeré sí, bíi mìlímítà méjì ààbọ̀, níbi tí ẹnu yíǹkì máa yọ sí. Nígbà náà ni wọ́n tó máa kọjú sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n á máa gbẹ́ ẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, kó nípọn díẹ̀ níbi tí ìka máa dì mú. Àwọn kan á tún kọ ilà wínníwínní sí ibi ìdìmú yẹn, kó má baà máa yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá làágùn.

Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Irun orí èèyàn kan kò tó ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan nínípọn lọ́pọ̀ ìgbà. Tọ́nà tó mọṣẹ́ lè bó ohun tí kò tó ìyẹn kúrò lára idẹ. Bí télọ̀ bá gé aṣọ kéré, ó lè wá aṣọ mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Irin tí wọ́n ti gbẹ́ kúrò kò ṣeé lẹ̀ padà. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá ti gbò, ó ti gbò nìyẹn; ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra idẹ àlòkù níwọ̀n kílò ló kù tí wọ́n máa gbé e lọ.

DÍDÁN RẸ̀: IBI TÍ SÙÚRÙ TI Ń TÁN

Bí wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán yìí, kò tíì dán. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ rà á, á mọ ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Sáńpépà ló kàn. Nọ́ńbà ló wà lẹ́yìn sáńpépà. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kúnná sí i. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti orí 240, wọ́n á bọ́ sí 400, 600, 1000, 1500, títí dé 2000. Àwọn kan á máa fi omi tàbí òróró díẹ̀ rin ín.

Àṣírí tó wà níbẹ̀ nìyí o. Iṣẹ́ 400 kì í ṣe láti mú bíírò dán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa gbogbo ojú ọgbẹ́ tí 240 dá rẹ́. Ti 600 ni láti pa ọgbẹ́ 400 rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí kò ku èlùbọ́ rẹ̀ dáadáa, bí ó ti wù kó rò ó tó, kókó á wà nínú àmàlà. Ẹni tó bá fo láti 240 bọ́ sí 1500 nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, bíírò rẹ̀ á dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e síta nínú oòrùn, gbogbo ojú ọgbẹ́ àtàárọ̀ á yọ kedere lábẹ́ dídán náà. Yóò sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi ojú lásán gbà pé ó ti tó. Kí wọ́n tó kúrò lórí nọ́ńbà kan, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á fi sáńpépà náà rà á lóòró. Bí wọ́n bá ṣì rí ojú ọgbẹ́ tó dábùú, wọ́n á mọ̀ pé iṣẹ́ kù.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni ọṣẹ ìdándẹ, tí wọ́n á fi aṣọ rírọ̀ rà á. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò ní irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀gbà idẹ, síbẹ̀ ó ń kọ mọ̀nà. Ohun kan ni pé idẹ kì í dán títí. Ooru ọwọ́ àti òógùn á mú un ṣú láìpẹ́. Àwọn tó fẹ́ kó pẹ́ ní dídán á fi ìda oyin tàbí fáníìṣì pa á lára. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bó ṣe ń ṣú yẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́, kí ó máa fi ọwọ́ olówó rẹ̀ hàn.

IBI TÍ ÌKA TI Ń LỌ

Ẹ rántí ìgbà 25 tí idẹ ń yí kí aago tó dún kọ́. Gbígbẹ́ nìkan kọ́ ló ní ewu. Dídán náà ní tiẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ irin ń bẹ̀rù ọ̀bẹ, ó ń ṣọ́ra. Ẹni tó ń dán an ti rò pé iṣẹ́ ti tán, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ó ń fi sáńpépà kékeré kan rà á bí ẹni ń pa ọmọ lára.

Ẹ fi ojú inú wo ọmọ iṣẹ́ kan nídìí ẹ̀rọ. Sáńpépà aláṣọ ni wọ́n ń lò, èyí tí kì í ya bọ̀rọ̀. Ó wé e yí bíírò ká, ó wá fi ìka méjì fún un. Ọ̀gá ní, "Tú u, má wé e mọ́ ọn!" Ọmọ iṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, ó ti fẹ́ parí, ẹ má bínú." Kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lẹ́nu rẹ̀, etí sáńpépà ti lọ́ mọ́ra, ó ti fa ìka wọlé. Kò sí ọwọ́ èèyàn tó yára tó láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ohun tó ń yí ní ìgbà 25 kí aago tó dún kọ́.

Ìtàn àdápa kọ́ lèyí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́ tẹ ìwé kan jáde tó jẹ́ pé orí sáńpépà aláṣọ nídìí léètì nìkan ló dá lé, nítorí ìka tó ń kán àti ìka tó ń gé. Ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ ń tẹnu mọ́ nìwọ̀nyí:

Má wé sáńpépà mọ́ ohun tó ń yí. Bí ó bá ṣeé ṣe, lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi pẹlẹbẹ, kí igi náà máa kan idẹ, kí ìka jìnnà síbẹ̀.

Má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí léètì. Ọ̀pọ̀ rò pé ìbọ̀wọ́ ń dáàbò bo ọwọ́. Níbí yìí, òun ló ń fi ọwọ́ fún ẹ̀rọ.

Ká apá aṣọ rẹ sókè, bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, di irun tó bá gùn. Bùbá alápá gbọọrọ kò ní iṣẹ́ kan níbẹ̀. Àkísà náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn nígbà tó bá ń yí.

Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yí ṣọ́ọ̀kì, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tí wọ́n tan ẹ̀rọ, á fò bí òkò, kò sì mọ ẹni tó máa bá.

Fi awò ààbò bo ojú. Má fi ọwọ́ kó ìfọ́ irin, torí ti irin máa ń gùn gbọọrọ, ó sì mú bí abẹ. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí o fi gbá a.

Ìkejì ewu kì í gé ìka, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn kì í fi í kà á sí. Irú idẹ tó rọrùn jù láti gbẹ́ máa ń ní òjé nínú, nǹkan bí ìdá 3 nínú 100. Ìyókù jẹ́ bàbà àti síńkì. Òjé kò dára nínú ara èèyàn, ó sì burú jù fún ọmọdé. Ẹni tó ń gbẹ́ idẹ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹn bu ẹ̀bà. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹun, kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó gbé ọmọ. Ìyàwó tó ń fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ, kó má pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ.

TA LÓ Ń RÀ Á?

Àwọn kan á ní, ta ló máa ra bíírò lówó gọbọi bẹ́ẹ̀, nígbà tí oníke wà lórí igbá? Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọjà aṣọ. Aṣọ tí ẹ̀rọ hun pọ̀ lọ jàra, ó sì pọ́ọ́kú. Síbẹ̀, bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá dé, aṣọ òkè ni wọ́n ń wá. Kì í ṣe pé aṣọ ẹ̀rọ kò bo ìhòòhò. Ìdí ni pé ohun tí ọwọ́ hun ní ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni bíírò onídẹ. Ó wúwo lọ́wọ́. Wọ́n lè fín orúkọ olówó rẹ̀ sí i lára. Bí yíǹkì bá tán, wọn kì í jù ú nù, ọ̀pá yíǹkì tuntun ni wọ́n ń rà sínú rẹ̀, baba lè lò ó tán kó fún ọmọ. Ẹni tó fẹ́ ta ọgá rẹ̀ tó ń fẹ̀yìn tì lọ́rẹ, kò lè fún un ní oníke. Irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ ọwọ́ ń dúró dè, kì í dúró de ẹni tó fẹ́ kọ ìwé àwìn.

Tọ́nà ilé wa tó mọ ṣáàfù gbẹ́ dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì tó kù ni sùúrù: kí ó má fo nọ́ńbà kankan nínú sáńpépà, kí ó má sì tìtorí pé ilẹ̀ ń ṣú, kó fi ìka wewu. Bíírò tó bàjẹ́, wọ́n lè gbẹ́ òmíràn. Ọ̀pá idẹ wà lọ́jà. Ìka ọwọ́ kò sí ní ìsọ̀ ẹnì kankan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀yin tọ́nà, ẹ̀yin oníṣẹ́ irin, àti ẹ̀yin ìyàwó wọn tí ẹ ní ohun tí ojú yín ti rí nídìí ẹ̀rọ, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ fi bíírò kọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́.